Aṣọ Tó Ṣẹ́ Kù Sórí Ẹ̀rọ

Mo rántí ìgbà tí òórùn ilé náà máa ń bá mi dé Oǹdó nínú gèlè mi: òórùn òróró ẹ̀rọ, ti ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń pa òwú kí ó lè le, àti ti ìdì òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Ọya dé. Iye mi, bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Oǹdó ń pe ìyá, á gbọ́ òórùn yẹn kí n tó ti ilẹ̀kùn, á sì ní, "Ìyàwó ẹ̀rọ ti dé." Ilé iṣẹ́ aṣọ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn Àkúrẹ́ lójú ọ̀nà Oǹdó. Ilé gígùn ni, bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, òrùlé rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Ẹ̀gbẹ́ kan eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ páànù, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ gíláàsì. Nígbà tí ilé náà wà láàyè, fèrè rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àdúgbò fi ń mọ ìgbà tí wọ́n máa jẹun. Bí o bá sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, o kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ. Ọwọ́ àti ètè la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, débi pé a lè ṣòfófó látòwúrọ̀ dalẹ́ láìlanu.

Bí mo ṣe wọbẹ̀ kò dùn mí nígbà náà, ó ń dùn mí báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni, mo mọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mo sì rò pé mo mọ ayé. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó iyàrá ìhunṣọ, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tí kì í rẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, bi mí pé, "Ṣé ẹnì kan wà nílé yín tó ń hunṣọ?" Ní àkókò tó ń bi mí yẹn, Iye mi wà nílé ní ìdí òfì rẹ̀, èyí tó dúró gbáńgbá mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló jókòó sí láti ìgbà tí mo ti dáyé, ibẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ mi ti wá. Mo ro ó pé àwọn oní-ẹ̀rọ kò ní fẹ́ ọmọ olófì. Mo dáhùn pé, "Rárá mà, ìyá mi ń ta ọjà ni." Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi kò tilẹ̀ fi ọwọ́ òsì júwe ti ìyá mi, ṣe ni mo di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Wọ́n gbà mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ kò rọrùn bí mo ṣe rò. Bí fọ́nrán òwú kan bá já lórí ẹ̀rọ, o gbọ́dọ̀ so ó kíákíá, kókó tí o bá so sì gbọ́dọ̀ kéré tó láti gba àárín irin tó dà bí òòyà kọjá. Bí ó bá tóbi, yóò tún já. Wọ́n kọ́ wa ní kókó tiwọn, tèmi sì ń tú. Ní ọjọ́ kẹta tí mo ti fẹ́ sunkún, ọwọ́ mi ṣàdéédéé so kókó tí Iye mi máa ń so, èyí tí a ń fi ìka mẹ́ta so tí a sì ń fi ètè fún pọ̀. Ó wọlé kẹrẹ. Mo so ìkejì, mo so ìkẹta. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀gá wa dúró tì mí. Ó dúró de ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán.

"Ta ló kọ́ ọ ní kókó yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi mà. Mo kàn dán an wò ni."

Ó rẹ́rìn-ín ti oṣù yẹn. "Ẹnu rẹ ń purọ́," ó ní, "ọwọ́ rẹ kò mọ̀ ọ́n pa." Kò sọ ọ́ síwájú sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kókó Iye mi ni gbogbo iyàrá ìhunṣọ ń so, mi ò sì sọ fún Iye mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà dáadáa náà kò pẹ́. Àwọn ọdún sáàpù dé, nígbà tí ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí náírà di ewé. Apá ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ kò ṣeé rà mọ́, iná ọba ń lọ lọ́jọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ òwú tó ń wá lóṣooṣù di ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fèrè fọn kí àkókò rẹ̀ tó pé. A rò pé iná ló fẹ́ lọ. Àṣé ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé ni, wọ́n ní kí a máa lọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí wa. Aṣọ kan wà lórí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ náà, aró àti funfun, pẹ̀lú ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí. Mo ti hun ún dé ìdajì. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo sì jáde.

Èyí ló bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Nínú agbo ilé wa ní Oǹdó, a kì í pa aṣọ tì sórí òfì. Bí obìnrin kan bá kú tí aṣọ rẹ̀ sì wà lórí òfì, obìnrin mìíràn nínú ilé ni yóò jókòó parí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí òfì náà kúrò níbi tó wà. Ìgbà tí aṣọ náà bá parí ni ọ̀fọ̀ parí. Mo ti rí Iye mi ṣe é fún ìyá rẹ̀. Mo gbé àṣà yìí lọ bá ọ̀gá wa nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú, nítorí mo mọ̀ pé mo ti sọ pé a kì í hunṣọ nílé wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Nígbà náà, ilé yẹn kò tíì kú. Aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀. A ó máa tọ́jú rẹ̀ títí wọn á fi ṣí i."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ nìyẹn. Obìnrin mọ́kànlá ni wá. Gbogbo Sátidé ni a ń pàdé ní ẹnubodè ẹ̀yìn, níbi tí òwú máa ń gbà wọlé. Baba ọdẹ, arúgbó kan láti Ìta-Ògbólú tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, á ṣílẹ̀kùn fún wa, á ní, "Ulé yín rè é, ẹ wọlé." A ó gbá ilẹ̀, a ó nu ẹ̀rọ, a ó fi òróró sí i. Oko ẹ̀gẹ́ ni mo padà sí ní Oǹdó, èmi àti Iye mi, gààrì ni a fi ń rọ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti mọ́, mo ti wà lórí ọkọ̀ agégẹdú tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn èèyàn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè wá ní agbálẹ̀ ilé òkú. Nínú ọjà, obìnrin kan bi mí bóyá a ti wẹ òkú tán tàbí ó ku ìsìnkú. Mo dá a lóhùn pé òkú tó ń bi wá ní ìbéèrè la máa kọ́kọ́ sin. Mo le lẹ́nu nígbà yẹn, n kò tíì fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má fi òmùgọ̀ wa pamọ́. Nígbà tí òróró ẹ̀rọ tán, àdín ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ ń dán gbinrin, inú wa ń dùn. Àwọn eku gbọ́ òórùn àdín láti igbó, wọ́n kó tẹbí tará wọn wá, wọ́n jẹ awọ tó so ẹ̀rọ pọ̀ àti ọ̀pọ̀ fọ́nrán òwú tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà ni a tó mọ̀ pé àwa la ń gbé oúnjẹ wá fún wọn.

Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣe èyí. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ńlá mẹ́ta dé pẹ̀lú ìwé tí a kò lè jà níyàn. Wọ́n ti ta àwọn ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo rò pé ọ̀gá wa á dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, à bá sì dùbúlẹ̀ tì í. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ àwọn ọkùnrin náà fún: kí wọ́n jẹ́ ká sọ aṣọ kalẹ̀. Wọ́n ní kí a ṣe é kí oòrùn tó yí. Tàwọn yòókù ti jẹrà mọ́ ẹ̀rọ, eku kò sì fi tèmi sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ ṣì ṣeé mú. Mo gé aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òwú tí a kò tíì hun lẹ́yìn rẹ̀, mo ká a mọ́ igi, mo gbé e rù. Baba ọdẹ dojú kọ ògiri títí ọkọ̀ kẹta fi lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò sí ìdí kankan tí a fi yẹ kí a lọ, síbẹ̀ a lọ. Inú ilé náà ṣófo, ó gbòòrò bí pápá. A dúró, a kò mọ ibi tí a máa wò, nítorí gbogbo ọjọ́ ayé wa níbẹ̀, ilẹ̀ la ń wò: òwú, ẹ̀rọ, ìgbálẹ̀. Bí kò ti sí ohun tí a máa wò nílẹ̀ mọ́, a gbójú sókè. Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ pariwo. Koríko ti hù láàárín eyín òrùlé. Ewé ti dí gbogbo ojú àgbàrá tó wà láàárín eyín kan sí èkejì, omi òjò ọdún mẹ́rin sì ti gba ibẹ̀ wọ inú ògiri ìlà oòrùn, ó ti là á láti òkè délẹ̀. Ahunṣọ mọ́kànlá, ojú wa ń rí fọ́nrán tó já láti ọ̀nà jíjìn, a kò rí òrùlé tó ń wó lé wa lórí! Ẹ̀rọ tí kò ní padà wá la ń kùn ní àdín, a sì ń jẹ́ kí òjò jẹ ilé.

Inú bí mi sí ara mi débi pé mo gbàgbé pé ibi gíga ń bà mí lẹ́rù. Èmi ni mo kọ́kọ́ gun àkàbà ọparun Baba ọdẹ. Sátidé mẹ́ta la fi kó ewé àti ẹrẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú garawa. Kí a tó parí rẹ̀, a bá àmì pupa lára ògiri iwájú, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Wọ́n ní ilé òfìfo ni, ògiri rẹ̀ ti sán, ilẹ̀ rẹ̀ á wúlò fún nǹkan mìíràn.

A wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. A lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹ́ ká rí akọ̀wé tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fún wa ní àga, ó sì sọ òtítọ́ fún wa.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan kan nínú ilé yẹn mọ́. Kí ni kí n kọ sílẹ̀ pé à ń dá sí?"

Ọ̀gá wa dìde. "Iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀," ó ní. "Ẹ wá wò ó."

Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ wa. Akọ̀wé náà yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní òun á wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta. "Bí mo bá bá iṣẹ́ níbẹ̀, màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mi ò bá bá a, ẹ ó dárí jì mí." Nígbà tí a jáde, mo bi ọ̀gá wa pé iṣẹ́ wo ló ń lọ níbẹ̀. Ó wò mí tààrà. Ó ní, "Lọ bi ẹni tó kọ́ ọ ní kókó yẹn."

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ síwájú Iye mi, mo tú aṣọ náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Iye, ẹ bá mi parí rẹ̀."

Ó ń fi ẹsẹ̀ tì í kiri. "Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ṣebí ẹ̀rọ kì í rẹ̀ ẹ́?" Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba, ó mú etí aṣọ náà, ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. "Kókó mi rè é," ó ní.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà, títí kan irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí. Kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. Ó kàn ní òun kò lè fi aṣọ náà sórí òfì ní Oǹdó, nítorí bí ó bá ti wà lórí òfì, a kò gbọ́dọ̀ ṣí òfì náà títí yóò fi parí. "Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a ó ti parí rẹ̀. Ẹ tú òfì mi."

Òfì tó ti wà lára ògiri yẹn kí wọ́n tó bí mi, a tú u ní ọjọ́ kejì, a dì í sórí ọkọ̀ agégẹdú, Iye mi sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bí olorì. Kò tíì wọ ilé iṣẹ́ náà rí. Ó wọlé, ó yí ká, ó gbójú sókè sí àwọn gíláàsì òrùlé, ohun tí ó gba àwa ní ọdún mẹ́rin kí a tó ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti apá kan ṣoṣo, ó tutù, kò sí oòrùn tó ń ta sí ojú ẹnikẹ́ni. Iye mi ní, "Ẹni tó kọ́ ilé yìí mọ ohun tí ojú ahunṣọ ń fẹ́." Ó yan ibi tí ẹ̀rọ mi wà tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé mo fi hàn án, ó ní kí wọ́n gbé òfì òun kalẹ̀ síbẹ̀.

Òfì rẹ̀ kò fẹ̀ tó aṣọ ẹ̀rọ, nítorí náà a ya á, a mú ìbú tó gba, ọ̀dọ̀ etí tí ìlà pupa wà. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í so èyí tí eku ti já. Fọ́nrán kan, kókó kan. Ilé ọ̀gá wa ni a ń sùn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ a ti wà nídìí rẹ̀. Ìka mi wú, ètè mi bó. Bí ọwọ́ mi bá ń yára jù, Iye mi á ní, "Fara balẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ọ́." Àwọn obìnrin méjì nínú wa, tí ìyá tiwọn náà ní òfì nílé, gbé tiwọn wá. Àwọn tó kù ń fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì dí ògiri tó là. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, Iye mi sì ní kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Akọ̀wé náà dé ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n bá òfì mẹ́ta lórí ìdúró, wọ́n bá Iye mi tó ń hun, tí kò sì wo ẹ̀yìn. Ó kí i, Iye mi dáhùn láìdá ọwọ́ dúró. Akọ̀wé náà fọwọ́ kan aṣọ náà. Ọ̀gá wa sọ fún un pé ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ló ń parí rẹ̀. Ó wá ibi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì, ó fi ìka lọ sókè sódò, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, kò rí i.

"Ta ló kọ́ yín ní iṣẹ́ yìí?" Èmi ló ń wò.

Ìbéèrè kan náà ni, nínú ilé kan náà.

"Ìyá mi ni," mo ní. "Òun nìyẹn. Ahunṣọ ni. Òun ló tọ́ mi pẹ̀lú òfì yìí, kókó rẹ̀ ni a fi ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí títí wọ́n fi tì í, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọ̀kọ̀ tó fi ń gba òwú kọjá dúró lọ́wọ́ Iye mi. Kò yíjú padà. "Ó pẹ́ díẹ̀," ó ní, ó sì ń hun ún lọ. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, n kò nù ún.

Akọ̀wé náà kọ ọ́ bí ó ṣe ṣèlérí. Kò tán síbẹ̀. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó fún wa ní ìwé pé kí a máa lo ilé náà fún ẹ̀kọ́ ìhunṣọ. Ní àkókò òjò tó tẹ̀lé e, ògiri ìlà oòrùn wó lulẹ̀ pẹ̀lú eyín òrùlé kan, nítorí ọdún mẹ́rin tí a kò gbójú sókè. A mọ ògiri mìíràn síbi tí èyí tó kù parí sí. Bí o bá ka eyín òrùlé náà lónìí, ó dín kan sí ti àtijọ́, a kì í sì í fi pamọ́ fún àlejò ohun tó fà á. A ti kun àmì pupa iwájú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bí òjò bá lù ú, ó ṣì máa ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́.

Òfì Iye mi kò padà sí Oǹdó mọ́. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò dára, pé òun kò mọ̀ títí òun fi rí òmíràn. Nígbà tó kú, aṣọ wà lórí òfì rẹ̀ nínú ilé náà. Mo jókòó sí àyè rẹ̀, mo parí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òfì, ọ̀gá wa tó ti di arúgbó jókòó tì mí títí mo fi gé e sọ̀ kalẹ̀.

Èmi náà ti dàgbà. Mi ò lè gun àkàbà mọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń súnmọ́, mo máa ń dúró nísàlẹ̀, màá máa tọ́ka sí ibi tí ewé wà fún àwọn tó gùn ún, wọ́n sì ń ráhùn pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu. Aṣọ kan wà lórí òfì mi báyìí, aró àti funfun, pẹ̀lú ìlà pupa létí. Dókítà ní kí n dín iṣẹ́ kù, mo ti dín in kù, ìbú ìka méjì ni mò ń hun lóòjọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí n má parí rẹ̀. Màá gbójú sókè sí gíláàsì, màá gbọ́ ìró òfì àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn mi, mi ò sì ní yára.